Ìfiwéra switch: èwo ni iná kò ní fọ orí rẹ̀ nù?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra switch, ẹ̀rọ tó ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara wọn, fún káfẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ibi ìdánwò CBT ní Adó, Ìkéré tàbí Ọ̀yẹ́, iye ihò wáyà àti owó lẹ sábà máa ń bi ọlọ́jà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n níbi tí iná ti máa ń lọ láìdágbére, ohun tí èmi á kọ́kọ́ bi í ni pé: bí iná bá lọ tó dé, kí ni yóò ṣẹ́ kù nínú ètò tí mo tò sí i?

Switch tí a kàn ń ki wáyà bọ̀ kò ní ètò kankan tí yóò gbàgbé. Ẹ pa á, ẹ tàn án, ó ti dé nìyẹn. Fún yàrá kan ṣoṣo, ẹ má wulẹ̀ náwó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ ya kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kúrò lára ti oníbàárà.

TP-Link JetStream lè yà á, orí bíráúsà lẹ sì ti máa tò ó. Bí ẹ bá tẹ Apply, ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò tíì wọlé pátápátá. Save ló ń fi í pamọ́. Ẹni tó bá dúró sórí Apply, iná á lọ, VLAN rẹ̀ (ìpín tó ya àwọn kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀) á sì bá a lọ.

Cisco Catalyst ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí, torí tòkunbọ̀ rẹ̀ ló máa ń wọ ènìyàn lójú. Running-config, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wà nínú RAM, tó ń gbàgbé gbogbo rẹ̀ bí iná bá lọ; startup-config, èyí tó wà nípamọ́, ló máa ń kà nígbà tó bá ń tàn. «copy running-config startup-config» ló ń da ti àkọ́kọ́ sínú èkejì. Bí ẹ bá tẹ «reload» láti tún un tàn láì tíì fi ètò pamọ́, yóò bi yín bóyá kí òun fi í pamọ́. Iná kì í béèrè.

Tòkunbọ̀ tún lè gbé ètò àti paswọ́ọ̀dù olówó rẹ̀ àtijọ́ wá. «write erase», tó ń pa startup-config rẹ́, nìkan kò tó o: fáìlì vlan.dat lọ́tọ̀ ni àwọn VLAN sábà máa ń wà, ẹ pa òun náà rẹ́ kí ẹ tó «reload». Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni «reload in 10». Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan switch tó wà lọ́nà jíjìn. Bí ẹ bá ti ara yín mọ́ta, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 yóò tún ara rẹ̀ tàn pẹ̀lú ètò àtijọ́, bí ẹ kò bá tíì fi tuntun pamọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, «reload cancel», kí ẹ wá fi í pamọ́.

MikroTik CRS tó ń lo RouterOS (sọ́fítíwíà MikroTik fúnra rẹ̀) kò ní bọ́tìnnì Save rárá. Ohun tí ẹ bá yí padà ti wọlé nìyẹn. Iná kò rí i mú, ṣùgbọ́n àṣìṣe yín náà kò ní lọ bí ẹ bá tún un tàn. Ctrl+X ń ṣí Safe Mode, tó ń dá ètò padà bí ìsopọ̀ yín bá já. Ẹ fi «/export file=orúkọ» kó ètò jáde sínú fáìlì tó ṣeé kà. «/system backup» wà fún ẹ̀rọ kan náà ni, kì í ṣe fún òmíràn.

Ẹni tó bá wà l'Ádó tó ń tọ́jú ẹ̀ka Ìkọ̀lé, MikroTik ni kó rà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń pààrọ̀ níbẹ̀, kó ra TP-Link, kó sì lẹ «Ẹ TẸ SAVE» mọ́ ọn lára. Cisco wà fún ẹni tó mọ àṣẹ títẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi wáyà console, èyí tó ń so switch mọ́ láptọ́ọ̀pù láti tẹ àṣẹ sí i, ṣí i lójú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba wáyà náà mọ́ ọn, pẹ̀lú èyí tó ń lọ sí USB, torí láptọ́ọ̀pù òde òní kì í sábà ní ihò rẹ̀.