Èèyàn Mẹ́fà Fún Bob Dylan Kan Ṣoṣo

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ba òde wa jẹ́, ọmọ iṣẹ́ mi gbé làpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo fíìmù olórin." Amplifáyà àti sípíkà ni mò ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà níbí, tó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń ta jìtá béèsì fún ẹgbẹ́ jùjú kan. Orúkọ fíìmù náà ni I'm Not There. Todd Haynes ló ṣe é, ọdún 2007 ló jáde, ó sì lé ní wákàtí méjì dáadáa.

Kò pẹ́ rárá tí ìyá àwọn ọmọ mi fi béèrè pé, "Dádì wọn, èwo gan-an ni olórin ọ̀hún nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí?" Mo ní gbogbo wọn ni. Ó wò mí bíi pé mo ti mu nǹkan.

Gbogbo wọn ni lóòótọ́. Òṣèré mẹ́fà ló pín ayé Bob Dylan, olórin ará Amẹ́ríkà, mọ́ra wọn lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó ń jẹ́ Bob Dylan nínú wọn. Christian Bale ni olórin tó wá di pásítọ̀. Heath Ledger ni òṣèré tí ilé rẹ̀ ń tú mọ́ ọn lórí. Ben Whishaw kàn jókòó, wọ́n ń bi í ní ọ̀rọ̀, ó ń fèsì bí ó ṣe wù ú. Ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Marcus Carl Franklin, ń fò wọ ọkọ̀ ojú irin tòun ti jìtá, ó ń pe ara rẹ̀ ní Woody Guthrie, orúkọ olórin Amẹ́ríkà àtijọ́ kan. Ọdún 1959 ni, síbẹ̀ orin ìyà àtijọ́ ló ń kọ, títí obìnrin kan tó gbà á sílé fi sọ fún un pé kó kọrin ìgbà tirẹ̀. Ní ìloro ilé yẹn, ọmọ náà àti àwọn àgbà tó jókòó tì í, tí olórin Richie Havens wà lára wọn, gbé jìtá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dá a padà. Kò sí amplifáyà kankan níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni inú mi dùn pé iṣẹ́ mi ò wúlò.

Ṣùgbọ́n Cate Blanchett ni ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Obìnrin ni, ó sì ṣe ọkùnrin. Apá tirẹ̀ kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni. Irun rẹ̀ rí wúruwùru, ó fi gíláàsì dúdú bojú, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi: bí kò bá di sìgá mú, á gbé e lọ sójú, á gbé e lọ sírun. Nígbà tó yá, mo gbàgbé pé obìnrin ni. Ní àjọ̀dún fíìmù Venice ní Ítálì, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn òṣèrébìnrin lọ́dún náà.

Ní 1965, Dylan gidi gbé jìtá oníná jáde ní àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ Newport ní Amẹ́ríkà, àwọn kan sì hó lé e lórí. Nínú fíìmù, kí wọ́n tó ta okùn kan ṣoṣo, Blanchett àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjú sí èrò, wọ́n yìnbọn lù wọ́n! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi tí mo ti ṣí béèsì sókè níwájú àwọn bàbá tí gángan nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́, mo mọ ojú tí wọ́n fi ń wo èèyàn.

Ìyá àwọn ọmọ mi ní kí ló dé tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Mo ní tí wọ́n bá ń ki èèyàn, ṣé láti ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀? Mo tún fi kún un pé Dylan yìí gba Nobel lítíréṣọ̀ ní 2016, irú èyí tí Ṣóyínká gbà ní 1986. Ó ní, "Olórin kẹ̀?"

I.K. Dáíró ló gbà mí lọ́kàn ní tèmi. Ọmọ wa ni, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ilé wọn. Ó kiri aṣọ bí òṣómàáló, ó gbé àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ó gba oyè MBE lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, ó tún ń wàásù ní ìjọ Aládùúrà. Òṣèré wo ló fẹ́ dá gbé gbogbo ìyẹn? Bí wọ́n bá gbé owó lé mi lọ́wọ́, ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ni màá fún ní ẹrù aṣọ, àgbàlagbà á wàásù, màá sì gbé àkọ́díọ̀nù kọ́ obìnrin lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó máa bínú.

Fíìmù náà ní ibi tó ti sú mi o. Richard Gere ń gun ẹṣin kiri nínú ìlú kan tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi sì ti ń hanrun. Wọ́n ì bá gé apá yẹn sí ìdajì. Ẹni tí kò bá gbọ́ orin Dylan rí náà á sọnù pátápátá, nítorí fíìmù yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin bíi mélòó kan, kí ẹ tó jókòó tì í.

Ìyá àwọn ọmọ mi ní tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fíìmù tèmi, òṣèré méjì ti tó: èyí tó ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, àti èyí tó ń wọlé wá bá òun lálẹ́.