Onílù Mẹ́ta Níwájú: Àgbéyẹ̀wò Eré King Crimson ní Royal Albert Hall

Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ẹgbẹ́ olórin King Crimson fi alẹ́ mẹ́ta, láti ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 20, ṣeré ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ṣàjọyọ̀ 50 ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo wà níbẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn alẹ́ náà. Orin progressive rock ni tiwọn, èyí tí ó máa ń gùn, tí ó ń yí ìrìn padà láàárín, tí àwọn kan sì ń sọ pé ó ti le jù fún ìgbádùn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá orin tí yóò jó sí, kí ó má wulẹ̀ náwó rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú rí ni pé wọ́n kó ìlù síwájú. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì, ẹ̀yìn ni onílù ń jókòó sí, akọrin ni í gba iwájú. Níbí, onílù mẹ́ta ni ó tò sí etí ìtàgé: Pat Mastelotto lápá òsì wa, Jeremy Stacey láàárín pẹ̀lú dùùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti Gavin Harrison lápá ọ̀tún. Orí pèpéle tí ó ga lẹ́yìn wọn ni Mel Collins ti ń fọn sàsófóònù àti fèrè, tí Tony Levin ń ta báàsì, tí Jakko Jakszyk ń kọrin tí ó sì ń ta gìtá. Robert Fripp tí ń ta gìtá, ẹni kan ṣoṣo tí kò tíì kúrò nínú ẹgbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, jókòó ní ìkángun ọ̀tún, ó fi ẹ̀rọ agbọ́hùn bo etí, kò sì bá èrò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹni tí ó bá gbọ́ dùndún dàgbà yóò tètè rí ibi tí ọgbọ́n àwọn onílù yìí gbà yàtọ̀. Nínú dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, àwọn omele a sì dúró ti ohùn tiwọn. Àwọn mẹ́ta yìí kò ní ìyáàlù. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń pín lò: ẹnì kan a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èkejì a gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kẹta a parí rẹ̀, ìró náà a sì máa rìn láti òsì dé ọ̀tún lójú wa kòrókòró. Òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni àga mi wà, inú mi sì dùn pé n kò san owó àga iwájú, nítorí láti òkè ni ènìyàn ti ń rí ọwọ́ gbogbo wọn. Mo rí i tí Stacey ń fi ọwọ́ kan tẹ dùùrù, tí ọ̀pá ìlù ṣì wà lọ́wọ́ kejì.

Òrùlé róbótó ni gbọ̀ngàn náà ní láti 1871 tí wọ́n ti ṣí i, ìró a sì máa ta padà nínú rẹ̀ láyé àtijọ́, títí wọ́n fi so àwọn ohun tí ń dín ìró àtapadà kù, tí wọ́n ń pè ní olú (mushrooms), mọ́ àjà rẹ̀ ní 1969, ọdún kan náà tí King Crimson gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde. Níbi tí mo jókòó sí, n kò pàdánù ìró kankan.

Òfin kan wà tí àwọn kan ń kùn sí: kò sí fọ́tò, kò sí fídíò, àfi bí eré bá parí tí Tony Levin sì gbé kámẹ́rà tirẹ̀ sókè láti ya èrò. Ìgbà yẹn ni àwa náà lè ya tiwọn. Àwa tí a mọ òde àríyá Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí fóònù ti máa ń bo olórin mọ́lẹ̀ bámúbámú, mọ ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ lè dá padà fún ènìyàn.

Orin tí mo tìtorí rẹ̀ lọ ni Starless, tí ó wà nínú àwo Red ti ọdún 1974. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni wọn kò ti fi iná dá àrà kankan. Nígbà tí wọ́n dé àárín orin náà, níbi tí Fripp ti ń ta ohùn kan ṣoṣo léraléra, tí báàsì ń ka mẹ́tàlá-mẹ́tàlá lábẹ́ rẹ̀ dípò mẹ́rin-mẹ́rin tí ó mọ́ wa lára, tí ohùn náà sì ń gòkè ní ìdiwọ̀n-ìdiwọ̀n, iná bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ṣùgbọ́n kò yá débi tí ojú fi lè mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, títí gbogbo ìtàgé fi di pupa fòò. Ọkùnrin arúgbó kan nítòsí mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún un wọ̀.

Eré náà ní ìsinmi láàárín, ọkùnrin sì pọ̀ nínú èrò tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn fi gùn títí, tí àwọn obìnrin ń wọ tiwọn láìdúró. Ohun tí ó bí mi nínú ni ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń tún tíkẹ́ẹ̀tì tà, tí ó gba owó lọ́wọ́ mi tó ìlọ́po méjì iye tí ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, tí ó tún fi owó iṣẹ́ kún un ní ìparí. Ẹ lọ bá gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

King Crimson ṣe eré ìkẹyìn wọn ní Tokyo ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Láti ọdún 2024 ni Tony Levin àti Adrian Belew, tí àwọn méjèèjì ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, ti ń kó àwọn orin wọn ti ẹ̀wádún 1980 kiri pẹ̀lú Steve Vai àti Danny Carey, lábẹ́ orúkọ BEAT. Èmi yóò lọ wò wọ́n bí wọ́n bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n onílù kan ṣoṣo ni wọ́n ní.