Ẹ ṣọ́ra o! Obìnrin kan ń ta tíì àti kápúsù "lẹ́pa" fáwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín sanra, tẹ́ ẹ sì ti ń wá ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Gbájúẹ̀ obìnrin kan wà lórí WhatsApp àti Facebook tó ń ta tíì àti kápúsù tó ní ó ń sọ òróbó di lẹ́pa. Ó gba ₦83,000 lọ́wọ́ mi. Owó yẹn dùn mí o, àmọ́ ohun tó mú mi kọ èyí ju owó lọ. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 16, ló sọ dèrò ọsibítù.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ìyá àtọmọ ya ọ̀lẹ, pé ọ̀nà àbùjá la ń wá. Irọ́ ni! Ọmọ yìí gbìyànjú ju àwa àgbà lọ. Ó ti pa ẹ̀bà àti àmàlà alẹ́ tì pátápátá. Ẹ̀wà tí epo rẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ̀fọ́, ẹyin sísè, ògì tí ò ní ṣúgà, ohun tó ń jẹ nìyẹn. Mínírà, bísíkíìtì, pọ́fùpọ́ọ̀fù, ó jáwọ́ nínú gbogbo ẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, òun àti bàbá rẹ̀ á lọ sáré ní pápá ìṣeré Liberty ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, láàárín àwọn àgbà tó ń yí pápá po. Lọ́jọ́ iléèwé, á fò okùn lẹ́yìnkùlé títí òógùn á fi bò ó. Síbẹ̀ ìwọ̀n ò sún. Bó bá sì máa sún, òkè ló ń sún sí. Yúnífọ́ọ̀mù tá a rán nígbà tí wọ́n wọlé ní September ti ń fún un lápá kí Kérésìmesì tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní òróbó lójú ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọjọ́ìbí àti ìnáwó. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti sunkún sí i lára rí nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ni kó wá dá mi lẹ́jọ́.

Ibi tá a bọ́rọ̀ dé nìyẹn tí òbí kan nínú ẹgbẹ́ òbí iléèwé wọn fi ìkéde obìnrin yìí ránṣẹ́ sí wa. Fọ́tò oríṣiríṣi, ẹni tó sanra lápá òsì, ẹni tó ti di lẹ́pa lápá ọ̀tún. Mo pè é. "Mọ́mì wa" ló ń pè mí, ó sì gbàdúrà fún ọmọ mi lórí fóònù. Mo ní, "Àǹtí, ọmọdé ni o, ọmọ ọdún 16. Ṣé ò léwu?" Ó ní, "Ewé àti egbò lásán ni, mọ́mì. Ọmọ ọdún 9 ń lò ó. Kílò mẹ́wàá á lọ láàárín ọjọ́ 14." Mo sọ fún un pé nǹkan oṣù ọmọ náà kì í wá déédéé, pé nígbà míì oṣù mẹ́ta á kọjá tí ò ní rí i. Ó ní tíì náà á fọ ilé ọmọ rẹ̀ mọ́, pé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kò sóhun tí ò ní ìdáhùn sí! Ẹni tí ò fojú kan ọmọ náà rí!

₦48,000 ni sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Wọ́n fi wébíìlì ránṣẹ́ láti Èkó, a lọ gbà á ní páàkì Ìwó Road. Tíì wà nínú ọ̀rá funfun, kápúsù wà nínú ike kékeré. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ike yẹn ti ń ká létí. Mo fi èékánná ṣí i díẹ̀, mo rí ìwé mìíràn lábẹ́ rẹ̀, àwọn àmì Ṣáínà ló wà lára ẹ̀. Mo rí i o! Mo ya á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí obìnrin náà, ó ní iléeṣẹ́ wọn ló pààrọ̀ ìwé ara ike. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá rántí ìwé tó ń ká létí yẹn, inú a máa bí mi sí ara mi. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, nígbà tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára ìwé tòkè gàdàgbà? Èwo nínú yín ló máa ń rí nọ́ńbà NAFDAC tó tún ń ṣiyèméjì?

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀n lọ sílẹ̀ ní kílò mẹ́ta. A jó nínú ilé. Àṣé omi ni! Tíì náà ń lé ọmọ náà lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣáá, lóru, láàárọ̀, láàárín iṣẹ́ ní kíláàsì. Inú ń lọ́ ọ. Mo sọ fún obìnrin náà, ó ní, "Ọ̀rá ló ń jáde yẹn, mọ́mì, ẹ yin Olúwa." Ọ̀rá kẹ̀! Ọmọ mi ń yàgbẹ́ omi ara rẹ̀ dànù, ó ní kí n yin Olúwa! Kápúsù ní tiẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn. Ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkìkì lóru, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n tó bá mú bírò.

Bó ṣe sinmi tíì náà díẹ̀ tó sì mumi dáadáa, kílò mẹ́ta yẹn padà wá. Ni obìnrin yìí bá ní ká ra "bústà", ₦35,000. Mo ní kò sówó. Ìgbà yẹn ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè fojú fò dá. "Mọ́mì, ọmọ yín ń jẹun ní kọ̀rọ̀ ni. Oògùn mi kì í kùnà. Ẹ wo inú báàgì ẹ̀." Mo sì wò ó. Mo da báàgì iléèwé ọmọ mi sílẹ̀ níṣojú ẹ̀, ìwé, kóòmù, ike omi. Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn ń ṣa àwọn ìwé ẹ̀ padà sínú báàgì, kò wojú mi. Mo ṣì san ₦35,000 yẹn. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Obìnrin yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń fìtìjú ìyá pawó.

Bústà yẹn ló dá ọmọ náà dùbúlẹ̀. Ó ṣubú lórí ìlà níbi àpèjọ àárọ̀ níléèwé. Ní ọsibítù, wọ́n ní pọtásíọ̀mù ara rẹ̀, ìyẹn irú iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n sì fa omi sí i lára. Dókítà fi ọwọ́ ra ewé inú tíì náà, ó ní sẹ́nà ni, ẹbí àsunwọ̀n táwọn ìyá wa fi ń fọ inú. Ó ní kò kan ọ̀rá rárá, ìgbẹ́ àti omi ló ń kó jáde, bí omi bá sì ń lọ, iyọ̀ tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́ ń bá a lọ. Ní ti kápúsù, ó ní láìjẹ́ pé láàbù yẹ̀ ẹ́ wò, òun ò lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Àmọ́ ó sọ fún mi nípa oògùn kan tó ń jẹ́ sibutramine, tí wọ́n kó kúrò lórí àtẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ́dún 2010 nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, tí wọ́n sì ṣì ń bá nínú àwọn oògùn tó ń múni fọn tí wọ́n pè ní ewé lásán. Ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi mọ́ nígbà tó sọ̀rọ̀ yẹn.

Ohun tó wá dùn mí jù rèé. Ọrùn ọmọ mi dúdú lẹ́yìn, ibẹ̀ sì nípọn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ha á níbẹ̀, tí mò ń bá a wí pé kì í wẹ̀ dáadáa. Dókítà wo ọrùn yẹn kó tó béèrè nípa oúnjẹ. Ó ní ìdọ̀tí kọ́, pé ara tí ínsúlínì, ìyẹn hóómónù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ẹ̀ ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó béèrè nǹkan oṣù, ó wo irun àgbọ̀n rẹ̀ àti irorẹ́ ojú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wo táírọ́ìdì, ìyẹn ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, wọ́n ṣe skáànù. PCOS ni wọ́n bá, ìyẹn àìsàn kan tó ń da hóómónù obìnrin rú. Hóómónù ọmọ náà ló dà rú, òun ni ìwọ̀n fi ń ṣorí kunkun pẹ̀lú gbogbo eré tó ń sá. Wọ́n ní kó máa bá oúnjẹ àti eré rẹ̀ lọ, ọ̀nà tó dáa ló wà, wọ́n wá fi ìtọ́jú tirẹ̀ kún un. Ẹ̀jẹ̀ àti skáànù yẹn lápapọ̀ ò tó owó tí mo kó fún oníjìbìtì!

Mo pe obìnrin náà láti ọsibítù. Ó ní èmi ni mi ò tẹ̀ lé ìlànà, ó ní kò sẹ́ni tó ráhùn rí, ó sì búlọ́ọ̀kù mi. Ẹni tó ní kẹ́míìsì ládùúgbò wa bá mi wo nọ́ńbà NAFDAC ara ike náà. Pọ́mádà iléeṣẹ́ mìíràn ló ni ín. Pọ́mádà!

Mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta oògùn tó ń múni fọn gbọ́ mọ́, yálà ó ní ṣọ́ọ̀bù ni o, yálà ó ń gbàdúrà ni o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ojúlówó, ẹ bá àwọn ẹgbẹ́ yín tó ba ọjà jẹ́ wí, ẹ má bá mi jà. Ẹ wo NAFDAC Greenbook, ìyẹn àkójọ orúkọ àwọn ọjà tí NAFDAC fọwọ́ sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí orúkọ tó wà níbẹ̀ àti tara ike bára mu. Kódà àwọn àgbo tí nọ́ńbà wọn pé, ẹ ka ẹ̀gbẹ́ ike: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Bí ọmọ yín bá ń ṣọ́ oúnjẹ tó sì ń sáré tí ò fọn, tí nǹkan oṣù ẹ̀ ò déédéé, tó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, tí òtútù ń mú un nígbà tí ò mú ẹlòmíì, tàbí tí ọrùn ẹ̀ dúdú, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.

Wọ́n sọ fún mi pé obìnrin yìí ti yí orúkọ ojú ìwé rẹ̀ padà, pé àwọn ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn ló ń tà á fún báyìí. Fọ́tò àtijọ́ yẹn náà ló tún ń lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ má da ike náà nù, ẹ sì tọ́jú risíìtì báńkì. Mò ń gbé tèmi lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.