Ẹ̀rọ ìsàba oníke tó ń gba ẹyin 56: ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ ṣọ́

Ẹ̀rọ ìsàba yìí ní fáànù, ó sì ń yí ẹyin fúnra rẹ̀ ní wákàtí méjì méjì. Fún ẹni tó ń sin adìẹ sẹ́yìnkùlé n'Íbàdàn, owó rẹ̀ kò ṣòfò láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 18. Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, títí dé ọjọ́ 21 tí ọmọ ń jáde, ló ti máa ń dójú ti ni.

Kẹ́ ẹ tó kó ẹyin sí i, ẹ má gba nọ́ńbà ojú rẹ̀ gbọ́. Ẹ ra tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà lọ́dọ̀ oníkẹ́mísì, ẹ gbé e síbi tí orí ẹyin máa wà, kẹ́ ẹ sì tún ooru rẹ̀ ṣe títí ibẹ̀ á fi jẹ́ dígírì 37.5 sí 37.7. Bó bá fi dígírì kan lé, ọmọ á ti jáde lọ́jọ́ 20, ìdodo rẹ̀ ò sì ní tíì pa dé. Bó bá fi kan dín, ó lè di ọjọ́ 22 tàbí 23, ọmọ á sì rọ.

Ẹyin kéréètì Bódìjà, ẹ fi í dín jẹ: adìẹ inú kéèjì tó yé e kò rí àkùkọ rí. Ẹyin ibi tí àkùkọ kan ti wà fún abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ wá, kó má ju ọjọ́ méje lọ. Ẹ má fọ̀ ọ́ o.

Gọ́tà omi méjì ló wà nísàlẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ bu omi kún ọ̀kan. Nínú òjò oṣù Keje, ìlàjì ọ̀kan ti tó, torí afẹ́fẹ́ ìlú fúnra rẹ̀ ti rin. Ọ̀rinrin 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún là ń wá. Bó bá pọ̀ jù, omi inú ẹyin ò ní gbẹ tó bó ṣe yẹ, àyè afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí ẹyin tó tóbi á kéré, ọmọ á sì mumi kú níbi tó ti fẹ́ mí èémí àkọ́kọ́. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ 7 àti ọjọ́ 18. Èyí tó mọ́ kedere kò lọ́mọ nínú.

Lọ́jọ́ 18, ẹ yọ tíréè tó ń yí ẹyin kúrò. Àbùkù ẹ̀rọ yìí tó burú jù nìyẹn: àárín àwọn ọ̀pá rẹ̀ ń há ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì rọ́bà dípò rẹ̀, ẹ bu omi kún gọ́tà méjèèjì kí ọ̀rinrin dé 65 sí 70, kẹ́ ẹ sì fi ìdérí sílẹ̀. Ẹ ò ní lè mú ojú kúrò, a mọ̀, àmọ́ ẹ mú ọwọ́ kúrò. Bẹ́ ẹ bá ṣí i nígbà tí ọ̀kan ti lu èèpo, awọ funfun inú ẹyin á gbẹ, á sì lẹ̀ mọ́ ọmọ lára bíi náílọ́ọ̀nù. Èyí tó ti jáde lè wà níbẹ̀ fún wákàtí 24 láìjẹ láìmu. Pupa ẹyin tó fà sínú ikùn ló ń jẹ.

Láti ihò àkọ́kọ́ sí ìgbà tó máa jáde lè gba wákàtí 24. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tọ́ awọ náà díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí iṣan pupa, ẹ dá a padà, ẹ̀jẹ̀ ò tíì wọlé tán. Bí kò bá sí, ẹ ṣí èèpo yíká apá tó tóbi, kó fẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ jáde.

Ní ti iná, èyí tó ní ojú bátìrì 12V ni kẹ́ ẹ rà, bó tilẹ̀ wọ́n. Bí ẹ̀rọ náà bá ń jẹ 80 wátì, bátìrì 75Ah á gbé e tó wákàtí márùn-ún. Bí iná bá lọ tí kò sì sí bátìrì, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó láìdí ihò atẹ́gùn. Wákàtí méjì mẹ́ta kì í sábà pa ọmọ, ó kàn ń fà á sẹ́yìn. Èyí tí kò ní fáànù wà lọ́jà, owó rẹ̀ kéré, àmọ́ òkè rẹ̀ ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ má rà á.