Annihilator àti Ingest: èwo ló burú jù?

Nínú eré káàdì Magic: The Gathering, àwọn Eldrazi aláìláwọ̀ (àwọn ẹ̀dá abàmì tí káàdì wọn kò ní àwọ̀ kankan) ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń jẹni run. Annihilator dé ní 2010, Ingest ní 2015.

Annihilator kì í fi àkókò ṣòfò. Bí Ulamog's Crusher, Eldrazi tó ní Annihilator 2, bá ti ń bọ̀ wá kọlù ọ́, kó o tó ronú ohun tó o máa fi dènà rẹ̀, wàá kọ́kọ́ fi nǹkan méjì tó o ní lórí tábìlì rúbọ. Ìwọ lo máa yàn án o, ṣùgbọ́n tó o bá kó káàdì ilẹ̀ méjì (ibi tí mánà, agbára tá a fi ń pe káàdì, ti ń wá) dànù, kí lo fẹ́ fi pe káàdì tó kàn? Ti Emrakul, the Aeons Torn tiẹ̀ jẹ́ mẹ́fà! Àmọ́ mánà 15 ni wọ́n fi ń pè é; Crusher gan-an ń gba 8.

Jẹ́jẹ́ ni Ingest ní tiẹ̀. Mánà méjì ni wọ́n fi ń pe Mist Intruder tó ní in (búlúù wà nínú ẹ̀, àbùdá kan tó ń jẹ́ Devoid ló sọ ọ́ di aláìláwọ̀). Ó gbọ́dọ̀ ṣe ọ́ léṣe níjà kí káàdì òkè pátápátá nínú àkójọ rẹ tó lọ sí ìgbèkùn (exile, ibi tí wọ́n ń kó káàdì tó ti kúrò nínú eré sí). Ẹyọ kan péré! Láìsí àwọn Processor, ìyẹn àwọn Eldrazi mìíràn tó ń lo káàdì ìgbèkùn, mi ò rí èrè kan níbẹ̀. Annihilator lèmi á mú, bí mo bá ṣáà lè pẹ́ tó láti pè é.