Ìkìlọ̀ o! Ẹ ṣọ́ra fún kọ́míìkì “nọ́ńbà kìíní” tí wọ́n ń tà káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń ra kọ́míìkì àtijọ́, ìyẹn ìwé ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń gbé páálí ìwé kiri láti Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, ó sì ń fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Nọ́ńbà kìíní, ìyẹn ìwé àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ kan, ló ń pe gbogbo wọn. Mo ti fọwọ́ ara mi yẹ mẹ́ta wò nínú wọn. Irọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó mọ ibi tó ti ń mú wa. Ẹ wo Action Comics nọ́ńbà kìíní, ti 1938, níbi tí Superman ti kọ́kọ́ fara hàn. Nínú rẹ̀, Superman ò tíì lè fò lójú ọ̀run bí ẹyẹ. Ṣe ló ń bẹ́ gìjà, tó ń ré ilé alájà 20 kọjá. Ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ bó ṣe dé ayé ní ìkókó. Gbogbo ohun tí aráyé wá mọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, orí ìwé pẹlẹbẹ yẹn ni wọ́n kọ́ ọ lé. Sẹ́ǹtì 10 ni wọ́n ń tà á. Wọ́n tẹ nǹkan bí 200,000, ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́jú ìwé ọmọdé nígbà náà? Wọ́n kà á tán, wọ́n jù ú nù. Àwọn tó mọ ọjà yìí dáadáa gbà pé èyí tó kù láyé ò ju nǹkan bí 100 lọ. Ní 2024, ẹ̀dà kan tà ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Ká tiẹ̀ yọ ti owó kúrò, ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn yóò fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìfẹ́ yẹn wà lára èmi náà, òun gan-an sì ni oníjìbìtì yìí ń fi mú wa.

Action Comics wà nínú páálí rẹ̀. Ohun tó ṣe nìyí: ní 1974, ilé iṣẹ́ DC tó ń tẹ Action Comics jáde fúnra wọn tún ìwé yẹn tẹ̀ látòkèdélẹ̀, tìpolówó-tìpolówó, wọ́n wá fi èèpo líle mìíràn bò ó, wọ́n kọ Famous First Edition sí i. Wọ́n ò fi tàn ẹnikẹ́ni jẹ. Ọkùnrin yìí ló ya èèpo òde yẹn kúrò, tó fi jẹ́ pé èèpo 1938 nìkan lẹ máa rí, pẹ̀lú sẹ́ǹtì 10 lára rẹ̀. Ẹ gbé rúlà lé e. Ojúlówó ò ju nǹkan bí íǹṣì 10 àbọ̀ lọ ní gígùn. Ti 1974 lé ní íǹṣì 13. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe máa ń tóbi láyé ọjọ́un. Ẹ má gbà á gbọ́.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkẹ́nnẹ́ ra X-Men lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ fi pamọ́ fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ti 1963 ni. Nọ́ńbà kìíní ni lóòótọ́, àmọ́ ti 1991 ni, èyí tí wọ́n tẹ̀ ju mílíọ̀nù 8 lọ! Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á níbi gbogbo. Iye tó wà lára èèpo ti 1963 ni sẹ́ǹtì 12, kò sì ní àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ fi ń ka iye ọjà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ kọ́míìkì máa ń padà bẹ̀rẹ̀ láti ookan léraléra: The Amazing Spider-Man ti ní nọ́ńbà kìíní ní 1963, 1999, 2014, 2015, 2018 àti 2022. Nítorí náà, ẹ wo ọdún, ẹ wo iye owó, kí ẹ tó wo nọ́ńbà.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, torí tiwa ni: Ikebe Super ti Wale Adenuga, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ibi tí Papa Ajasco ti wá kó tó dé orí tẹlifíṣàn. Fọ́tòkọ́pì ni. Ó ti rẹ ẹ́ sínú tíì kó lè pọ́n bí ìwé àtijọ́. Mo fi ìka tútù rá etí rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ yẹn bá ìka mi wá, òórùn tíì ṣì wà lára rẹ̀. Mo ṣí i dé ẹ̀yìn, mo bá nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080. Ní 1976! Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM wọ̀lú.

Kò fẹ́ kí ẹ ṣí ìwé rárá. Á ní bí ẹ bá yọ ọ́ nínú ọ̀rá, iye rẹ̀ á já. Ẹ ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i lójú yín, tàbí kẹ́ ẹ máa lọ. Tó bá ní CGC, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́míìkì wò bóyá ojúlówó ni, ti yẹ ẹ́ wò, inú ike líle ni tiwọn máa ń wà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ṣeé yẹ̀ wò lórí ìkànnì wọn. Ọ̀rá tó lẹ sítíkà mọ́ kì í ṣe CGC. Ọkùnrin náà tún máa ń gba owó àsansílẹ̀, pàápàá nígbà Ojúde Ọba tí àwọn ará wa tó wà lókè òkun bá wálé, á sì búlọ́ọ̀kì nọ́ńbà wọn.

Ẹ̀yin tó ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má pa ọ̀rọ̀ Wásáàpù yín rẹ́, ẹ tọ́jú álẹ́ẹ̀tì báńkì, kẹ́ ẹ sì fi tó báńkì yín àti àgọ́ ọlọ́pàá létí lónìí. Ẹni tó bá ṣì ń dúnàádúrà lọ́wọ́, kó gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Màá bá a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́.