Àwọn tó ń di oúnjẹ ìrìnàjò l'Abẹ́òkúta: ọwọ́ wọn dá ṣáṣá, àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè òfin

Ará Abẹ́òkúta tó bá ń lọ sí Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà kì í ṣàì gbé láfún dání. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń báni di oúnjẹ fi ń rí iṣẹ́ ṣe ní àyíká ọjà Kútò. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbé wá ni ọ̀pọ̀ wọn máa dì, wọn ò ní í bi yín pé ìlú wo lẹ ń lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń di láfún. Ẹni tó mọṣẹ́ á tún un sá, á sì kù ú, torí láfún tí kò gbẹ dénú á bu, ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ á sì pa kó tó dé ọ̀hún. Kílò méjì-méjì ló dára nínú ọ̀rá tó nípọn: kí wọ́n tẹ atẹ́gùn jáde, kí wọ́n fi ẹ̀rọ lẹ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì fi ọ̀rá mìíràn bò ó. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ dáadáa. Bí ìyẹ̀fun bá há síbẹ̀, yóò ṣí nínú báàgì. Ẹ fà á wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìyẹ̀fun funfun tí kò lórúkọ máa ń mú aṣọ́bodè fura. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwọ̀n àti ọjọ́ tí wọ́n dì í.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà ló ń dunni jù. Wọ́n á dì í kó wuni, bẹ́ẹ̀ láti 2011 ni Amẹ́ríkà kò ti gba ìrẹsì lọ́wọ́ èrò tó ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí khapra, kòkòrò kan tó ń ba ọkà jẹ́, wà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìdin kòkòrò yìí lè wà fún ọdún mélòó kan láìjẹun nínú ihò àpótí, nítorí náà wọn ò ní í gbà á bó ti wù kó mọ́ tó.

Pọ̀nmọ́, kílíṣí, ẹran yíyan: Ìlú Ọba ò gbà á, Amẹ́ríkà ò gbà á. Ìgbín ààyè tún burú sí i ní Amẹ́ríkà, torí ó ti da Florida láàmú gan-an. Ẹja gbígbẹ kò ní wàhálà. Ìlú Ọba gbà tó 20 kílò lọ́wọ́ èrò kan. Irú tí wọ́n pọ́n sínú ewé, ẹ tú u, kẹ́ ẹ dà á sínú ike.

Adioúnjẹ tó bá ní kẹ́ ẹ fi pọ̀nmọ́ sáàárín aṣọ, ẹ má gbà fún un rárá. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sọ gbogbo oúnjẹ tó gbé, wọ́n á kàn gba èyí tí òfin kọ̀ ni, kò ní san nǹkan kan. Ẹni tó bá fi pamọ́, owó ìtanràn lè tó 10,000 dọ́là. Ní Ìlú Ọba, bí ohunkóhun bá rú yín lójú, ọ̀nà pupa ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn ti àwọn tó ní ẹrù tí wọ́n fẹ́ sọ fún aṣọ́bodè, ni kẹ́ ẹ gbà.

Fún láfún, gaàrí àti ẹ̀gúsí, mo fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn. Iṣu tútù kọjá agbára wọn: Ìlú Ọba ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn, NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, ló sì ń fúnni nírú ìwé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe adioúnjẹ.